Rírìn, kẹ̀kẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì, tàbí àga ìjẹun: èwo ló bá ọkàn ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ mu ní Òṣogbo?

Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀, tó ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ lórí máṣìnì (èyí tí wọ́n ń pè ní dáyálísíìsì), ohun tó sábà máa ń mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ kì í ṣe kíndìnrín. Ọkàn ni. Síbẹ̀, bí aláìsàn bá wà nílé wa, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni gbogbo ẹbí máa ń kó wá: "Ẹ sinmi." Wọ́n á gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ màmá, wọ́n á gbé oúnjẹ bá a lórí ibùsùn, wọ́n á ní kó má dá jáde. Kò ní í pẹ́ tí itan á fi tán lára, tí àtidé ilé ìwẹ̀ á sì di iṣẹ́ ńlá. Ìfẹ́ ló bí i, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà ń ṣe ọkàn màmá níkà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wé ara wọn níhìn-ín: rírìn ní ọjọ́ tí kò sí máṣìnì, wíwa kẹ̀kẹ́ kékeré lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ nínú máṣìnì, àti dídìde-jókòó lórí àga, pẹ̀lú rọ́bà fífà. Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Òṣogbo, ìrìn àti àga ni kí wọ́n mú, kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀. Kẹ̀kẹ́ ló ní ẹ̀rí tó lọ tààrà sára ọkàn jù, àmọ́ ohun tó ń béèrè kò sí ní ọ̀pọ̀ yàrá dáyálísíìsì wa. Ó sì ní àwọn tí ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀: ẹni tí kátítà rẹ̀ (rọ́bà tí wọ́n ki bọ òpó ẹ̀jẹ̀ láti so ó mọ́ máṣìnì) wà ní itan, àti ẹni tí owó kò jẹ́ kó ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ. A ó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ohun tó ń ṣe ọkàn náà

Bí wọ́n bá ní ọkàn ń yọ ènìyàn lẹ́nu, ọ̀rá tó dí òpó ẹ̀jẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lérò. Ìyẹn wà níbẹ̀, pàápàá fún ẹni tó jẹ́ pé àtọ̀gbẹ ló ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ti ẹni tó ń ṣe dáyálísíìsì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi àti iyọ̀ tí kò rọ́nà jáde ń kún ara láti ìgbà kan dé ìgbà kejì, ẹ̀jẹ̀ ríru kò sì fẹ́ẹ́ wálẹ̀. Apá òsì ọkàn, tó ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde sí gbogbo ara, á wá máa ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó. Ẹran rẹ̀ á nípọn, á sì le. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá náà á le, nítorí pé kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì inú ara ti dàrú. Àìtó ẹ̀jẹ̀ á tún dá kún un.

Lórí máṣìnì fúnra rẹ̀, bí omi bá ń jáde yára jù, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibi tí ẹran ọkàn wà á dínkù, apá kan nínú rẹ̀ á sì ṣíwọ́ fún ìgbà díẹ̀, kò ní í sún kì dáadáa. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, àpá ni yóò fi síbẹ̀. Potassium ló kẹ́yìn: ó máa ń ga sí i bí ọjọ́ máṣìnì bá ṣe ń pẹ́ sí, ó sì lè da ìlù ọkàn rú láìjẹ́ pé nǹkan kan ti ń dun ènìyàn tẹ́lẹ̀.

Eré ìdárayá máa ń mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sọ̀, ó ń jẹ́ kí òpó ẹ̀jẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ó ń jẹ́ kí ara lo ṣúgà bó ṣe yẹ, ó sì ń dá ẹran ara padà sí itan àti ẹsẹ̀. Ohun tí kò lè ṣe ni pé kó fa omi jáde tàbí kó fọ potassium. Mo sọ èyí nítorí pé mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan pé àwọn fẹ́ "làágùn ún jáde" kí àwọn lè fo ọjọ́ máṣìnì kan. Ẹ má dán an wò o.

| | Ìrìn | Kẹ̀kẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì | Àga àti rọ́bà |
|---|---|---|---|
| Ìgbà tó yẹ | ọjọ́ tí kò sí máṣìnì | wákàtí méjì àkọ́kọ́ lórí máṣìnì | ọjọ́ tí kò sí máṣìnì, nínú ilé |
| Ibi tó ti ta yọ | èémí àti ìfaradà | ẹran ọkàn tó ti nípọn | agbára itan, àìṣubú |
| Ohun tó ń ná yín | bàtà tó bá ẹsẹ̀ mu | pẹ́dàlì, àti nọ́ọ̀sì tó ń ṣọ́ yín | àga tó ti wà nílé |
| Ẹni tí kó yẹra | ẹni tó ní egbò ní àtẹ́lẹsẹ̀ | ẹni tí kátítà wà ní itan rẹ̀ | ẹni tí orúnkún rẹ̀ wú, tàbí tí kátítà wà ní itan rẹ̀ |

Ìrìn

Ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ti dán ìrìn wò dáadáa. Nínú ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2017, wọ́n pín ẹni 296 tó ń ṣe dáyálísíìsì sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ń bá ìgbé ayé wọn lọ bó ṣe wà. Àwọn yòókù ń rìn ládùúgbò wọn, ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ní ọjọ́ tí wọn kò lọ síbi máṣìnì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n ní kí kálukú rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́fà kí wọ́n wo ibi tó lè dé. Àwọn tó ń rìn ti kúrò ní mítà 328 bọ́ sí mítà 367. Àwọn tí kò rìn bẹ̀rẹ̀ ní 321, wọ́n sì parí ní 324, èyí tí a lè pè ní ojú kan náà.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé ìṣẹ́jú 10 ni. Kò sí pé wọ́n lọ sí jíìmù, kò sí máṣìnì kankan. Ẹni tí kò bá sì lè ṣe 10 lè fi mẹ́ta bẹ̀rẹ̀, kó fi ìṣẹ́jú kan kún un lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀. Bàbá kan tí mo mọ̀ ní Alẹ́kúwodò, awakọ̀ ni tẹ́lẹ̀, òpó iná ló fi ń ka tirẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ dé òpó kejì ló fi bẹ̀rẹ̀, ó dúró, ó di òpó náà mú, ó mí, ó padà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn díẹ̀ bí ẹni pé òun náà ń lọ síbì kan, nítorí pé bàbá ti sọ fún un pé òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni di òun lọ́wọ́ mú ní ojú títì. Ní báyìí, ó ń kọjá òpó tí kò jẹ́ ronú kàn tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é tẹ́ mi lọ́rùn ju fóònù tó ń ka ìṣísẹ̀ lọ: òpó kò ní í kú bátìrì.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ìrìn náà tó, tí kò sì pọ̀ jù? Ẹ má wo ìlù ọkàn. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń di ìlù ọkàn mú kó má yára, irú bíi bisoprolol, carvedilol tàbí atenolol, nítorí náà iye tí fóònù bá kà kò lè sọ òtítọ́. Ẹ sọ̀rọ̀ ni. Bẹ́ ẹ bá lè bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sọ̀rọ̀ tí kò já, ṣùgbọ́n tí èémí kò jẹ́ kẹ́ ẹ lè kọrin, ibi tó yẹ lẹ wà. Bẹ́ ẹ bá ṣì lè gbé orin sókè bí ẹni wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ fi díẹ̀ kún ẹsẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ń já lẹ́nu yín, ẹ dúró.

Ibi tí ìrìn ti ní ìṣòro tirẹ̀ nílùú wa ni oòrùn, àti omi tí oòrùn ń múni mu. Ẹni tí kò tọ̀ mọ́, nǹkan bíi 500 sí 750 mílílítà omi ni ọ̀pọ̀ dókítà máa ń fún un lójúmọ́. Ẹni tó ṣì ń tọ̀ á fi iye ìtọ̀ rẹ̀ kún un. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan, 500 mílílítà ni. Ẹni tó bá rìn láago méjì ọ̀sán nínú oṣù kẹta, tó wọlé tó sì fa ọ̀rá kan mu lẹ́ẹ̀kan, omi ọjọ́ yẹn ti ń tán lọ, a ò tíì ka ọbẹ̀, a ò tíì ka ògì, a ò tíì ka èyí tó fẹ́ fi lo oògùn. Nítorí náà, kó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀ tàbí lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni. Bí òùngbẹ bá gbẹ yín, ẹ fi omi ṣan ẹnu kẹ́ ẹ tu ú nù, tàbí kẹ́ ẹ fi yìnyín kékeré kan sẹ́nu. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi omi àgbọn ṣe yín lálejò pé "ó ń dá agbára padà": potassium inú rẹ̀ pọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti omi ọsàn.

Níbo lẹ máa rìn? Kì í ṣe Òríta Ọ̀láìyá, níbi tí èéfín ọkọ̀ àti ọ̀kadà á ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró yín. Pápá ilé ẹ̀kọ́ tó bá wà nítòsí ilé dára bí àwọn ọmọ bá ti lọ. Freedom Park ní Old Garage dára láàárọ̀ kùtù. Inú kọ́ḿpáùndì náà dára, kẹ́ ẹ máa lọ kẹ́ ẹ máa bọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣẹ̀sín. Àwọn kan á béèrè Igbó Ọ̀ṣun lọ́wọ́ mi. Òjìji igi ibẹ̀ dára, ọkàn á sì balẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ ń dà gẹ̀rẹ́ lọ sódò, ẹni tó bá fi ìrọ̀rùn sọ̀ ni yóò tún gun ún padà. Tí oṣù kẹjọ bá sì dé, tí èrò ọdún Ọ̀ṣun ti kún ibẹ̀, kì í ṣe ibẹ̀ lẹ máa lọ gbìyànjú èémí yín.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó wọ bàtà àti lẹ́yìn tó bá bọ́ ọ, nítorí pé òkúta lè gún un kó má mọ̀. Kó má sì jáde nínú ebi bó bá ti gba abẹ́rẹ́ insulin. Kíndìnrín tó ti dáṣẹ́ sílẹ̀ kì í tètè kó insulin kúrò lára, ṣúgà lè já lójijì.

Kẹ̀kẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì

Kẹ̀kẹ́ tí mò ń wí yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gùn lọ sóko. Pẹ́dàlì méjì ni, tí wọ́n gbé sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tàbí síwájú àga, tí aláìsàn á máa fi ẹsẹ̀ yí bó ṣe jókòó tàbí bó ṣe fẹ̀yìn tì. Àǹfààní rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé wákàtí mẹ́rin tẹ́ ẹ ò bá fi sùn tàbí wo fóònù ló ń lò; kò gba àkókò mìíràn lọ́wọ́ yín. Èkejì ni pé nọ́ọ̀sì àti ẹ̀rọ ìfúnpá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ẹ̀rí rẹ̀ náà lágbára. Ní ìlú Leicester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣe ìwádìí kan tí wọ́n pè ní CYCLE-HD, èsì rẹ̀ jáde ní 2021. Ẹni 130 ló wà níbẹ̀. Àwọn kan wa kẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú 30 lórí máṣìnì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n fi MRI (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara) wo ọkàn wọn, ẹran apá òsì ọkàn àwọn tó wa kẹ̀kẹ́ ti fúyẹ́ ní nǹkan bíi gíráàmù 11 ju ti àwọn tí kò wà á. Ẹran tó nípọn yẹn gan-an ni ewu, nítorí náà nǹkan kékeré kọ́ ni gíráàmù 11.

Ṣùgbọ́n lọ́dún kan náà, ìwádìí mìíràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, tí wọ́n ń pè ní PEDAL, fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà lórí kẹ̀kẹ́, àwọn aláìsàn kò sọ pé ayé àwọn dẹrùn ju ti àwọn tí kò wà á lọ. Mo rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ mọ èyí kẹ́ ẹ tó ná owó lé e. Bó bá jẹ́ kí ara yín lè jí pépé, kẹ́ ẹ lè dé ọjà Ìgbóǹnà kẹ́ ẹ sì padà fúnra yín ni ohun tẹ́ ẹ ń wá, ìrìn àti àga ló sún mọ́ ọn.

Wákàtí méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń lò ó. Lẹ́yìn ìgbà náà, omi tó ti jáde ti pọ̀, ìfúnpá sì lè já bí ẹsẹ̀ bá tún ń fa ẹ̀jẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Mo jókòó ti ìyá kan lọ́jọ́ kan, ó ń fi ẹsẹ̀ yí pẹ́dàlì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì ń kọjá lọ.

"Màmá, bí orí bá fẹ́ẹ́ yín, ẹ pè mí o."

"Orí ò fẹ́ẹ́, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ mi ló ti gbàgbé pé òun lè ṣiṣẹ́."

Kò pẹ́, ìyá náà dákẹ́, ó yán lẹ́ẹ̀mejì, òógùn tútù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níwájú orí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ò bi í léèrè ọ̀rọ̀ kankan, ó tẹ ẹ̀rọ ìfúnpá: 138 tó wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ti di 96. Ó gbé ẹsẹ̀ ìyá kúrò lórí pẹ́dàlì, ó gbé e sókè, ó dín bí máṣìnì ṣe ń fa omi kù. Ìṣẹ́jú díẹ̀, ojú ìyá ti là. Ohun tó mú un ni pé omi tó kó wá lọ́jọ́ náà pọ̀, máṣìnì sì ń yára fà á. Ẹni tó wọn kílò 60, bí omi tí wọ́n ń fà lára rẹ̀ bá ti ju nǹkan bíi 780 mílílítà lọ ní wákàtí kan, ìyẹn ti pọ̀ fún ọkàn láìtiẹ̀ ní kẹ̀kẹ́ nínú. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi pẹ́dàlì sílẹ̀. Yíyán yẹn náà, ẹ fi í sọ́kàn. Ó máa ń ṣáájú kí ìfúnpá tó já.

Ẹni tí fístúlà (òpó ẹ̀jẹ̀ méjì tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ so pọ̀ fún máṣìnì) wà ní apá rẹ̀ lè wa kẹ̀kẹ́, bí apá náà bá dúró jẹ́ẹ́ níbi tí abẹ́rẹ́ wà. Ẹni tí kátítà wà ní ọrùn rẹ̀ náà lè wà á. Ẹni tí kátítà rẹ̀ wà ní itan, níbi tí itan ti pàdé ikùn, kò gbọ́dọ̀ wà á rárá: bí ẹsẹ̀ bá ń ká tó ń nà, rọ́bà náà lè ká, ẹ̀jẹ̀ lè dúró nínú rẹ̀, tàbí kó yọ. Kátítà itan kò sì ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, nítorí pé ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ dáyálísíìsì lójijì, láìtíì ní fístúlà.

Ìṣòro tó kẹ́yìn ni pé yàrá tó ní pẹ́dàlì kò wọ́pọ̀. Àwọn kan máa ń ra tiwọn, èyí tí wọ́n ń gbé sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ bá dókítà àti nọ́ọ̀sì tó ń bojú tó yàrá sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó rà á. Nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣọ́ ọ̀pọ̀ máṣìnì lẹ́ẹ̀kan náà ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé kò ṣeé ṣe.

Àga àti rọ́bà

Èyí ni àwọn ènìyàn máa ń fojú kéré jù, òun sì ni mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ilé kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ní Jámánì, ìwádìí kan tó jáde ní 2023 kó ẹni 917 jọ ní ibùdó dáyálísíìsì 21. Orí máṣìnì ni àwọn ti ṣe tiwọn, kẹ̀kẹ́ àti iṣẹ́ iṣan pa pọ̀, fún oṣù 12. Ohun tí wọ́n fi wọ̀n wọ́n ni iye ìgbà tí ènìyàn lè dìde kúrò lórí àga kó sì tún jókòó láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn tó ṣe é kúrò ní 16.2 dé 19.2. Àwọn tí kò ṣe é jábọ́ láti 16.2 sí 14.7. Ẹ wo èyí tó jábọ́ yẹn dáadáa: ẹni tó ń sinmi kò dúró lójú kan, ẹ̀yìn ló ń lọ.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ mú àga ìjẹun tó le, kì í ṣe àga fẹ̀lẹ́fẹ̀lẹ́ tó ń rì. Ẹ ti ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ògiri kó má baà sún. Ẹ jókòó sí etí àga, kì í ṣe jìnnà sínú, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí gìgísẹ̀ wọlé díẹ̀ sábẹ́ orúnkún. Ẹ ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ẹ tẹ̀ síwájú títí imú á fi kọjá orúnkún, kẹ́ ẹ wá dìde. Ẹ máa kà á sókè, "oókan, eéjì, ẹẹ́ta". Kíkà yẹn ni kò ní í jẹ́ kẹ́ ẹ di èémí mú, torí ẹni tó bá di èémí mú ń ti ìfúnpá ara rẹ̀ sókè. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń jókòó padà ni iṣẹ́ wà jù. Ẹ rọra sọ̀, kẹ́ ẹ ka mẹ́ta kí ìdí tó kan àga. Ẹ má bọ́ sórí rẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì. Ẹni tí itan rẹ̀ kò tíì gbé e lè kọ́kọ́ fi ọwọ́ ti tábìlì.

Mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti tó. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ di ẹ̀yìn àga mú, ẹ gbé gìgísẹ̀ méjèèjì sókè, ẹ rọra sọ̀ ọ́.

Rọ́bà tí wọ́n ń fà wà lọ́jà, ṣùgbọ́n túùbù kẹ̀kẹ́ àtijọ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà ń ṣe iṣẹ́ kan náà: kó gé e gùn, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi há àtẹ́lẹsẹ̀ kẹ́ ẹ máa fi ẹsẹ̀ tì í síwájú. Apá tí fístúlà wà kò ní kó di igi o. Ó lè fa rọ́bà tó rọ̀ ní ọjọ́ tí kò sí máṣìnì, bí dókítà bá ti ní ojú abẹ ti jinná. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe ni gbígbé kẹ́ẹ̀gì omi, fífa omi kànga, gígún iyán, àti kíkọ́ báàgì tó wúwo mọ́ ìgbọ̀nwọ́.

Ọjọ́ wo?

Bí a ṣe ń yan irú eré ìdárayá, ọjọ́ náà ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, mo sì rò pé àwọn ènìyàn kì í ronú sí i. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ máṣìnì, ara ti rẹ̀, ìfúnpá wà nílẹ̀: ẹ sinmi nígbà yẹn, ibi tí ìsinmi ti bójú mu nìyẹn. Ọjọ́ kejì ló dára jù. Omi ti kúrò, oorun ti dá agbára padà.

Ọjọ́ tó ń bà mí lẹ́rù ni ìparí àlàfo gígùn. Ní 2011, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà lórí àwọn tó lé ní 32,000, tí wọ́n ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, fi hàn pé ikú àti ìṣòro ọkàn ga sí i ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé àlàfo ọjọ́ méjì. Ọjọ́ méjì lásán nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń sanwó látinú àpò ara wọn, àlàfo ọjọ́ mẹ́fà wà. Ẹni tó bá ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, èrò tèmi ni pé kó fi ìrìn sí ọjọ́ kejì àti ìkẹta lẹ́yìn máṣìnì. Bí ẹsẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú, kó fi ìrìn sílẹ̀, kó máa na ẹsẹ̀ ní ìjókòó lásán. Bí owó kan bá wá wọlé tí ẹbí ń jiyàn bóyá kí àwọn fi ra pẹ́dàlì tàbí kí àwọn fi san ìgbà máṣìnì kan sí i, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀: máṣìnì ni.

Ẹ ní òṣùwọ̀n nílé. Kílò kan tó gùn lé ara láàárín ọjọ́ méjì, lítà omi kan ni. Ẹni tó wọn kílò 60 lẹ́yìn máṣìnì, tó ti di 63, kó má lọ rìn.

Iṣẹ́ ilé ńkọ́?

Ó kà, díẹ̀. Gbígbálẹ̀, ṣíṣa ẹ̀wà, fífọ abọ́, títẹ́ bẹ́ẹ̀dì: gbogbo rẹ̀ sàn ju ìdùbúlẹ̀ lọ, kò sì yẹ kí ọmọ gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Àmọ́ kì í lọ sókè bí ìrìn ṣe ń lọ sókè. Ẹnikẹ́ni kì í gbálẹ̀ yára sí i lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó ń ṣe máṣìnì lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, tí fístúlà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tí ìfúnpá rẹ̀ kì í já lórí bẹ́ẹ̀dì, tí dókítà sì ti fi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọkàn (echo) wo ọkàn rẹ̀ tó rí i pé ó ti nípọn: bí yàrá yín bá ní kẹ̀kẹ́, ẹ wà á, kẹ́ ẹ fi àga kún un nílé. Ẹ wà lára àwọn díẹ̀ tí mo lè sọ bẹ́ẹ̀ fún.

Kátítà ọrùn: ìrìn àti àga. Kí òógùn má rin báńdéèjì orí rẹ̀, nítorí àkóràn tó bá gba ibẹ̀ wọlé, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ tààrà.

Kátítà itan: ìrìn díẹ̀díẹ̀ nínú ilé bí dókítà bá fọwọ́ sí i, àti rọ́bà fún ọwọ́. Dídìde-jókòó léraléra kò yẹ yín títí wọ́n á fi gbé e kúrò níbẹ̀.

Àgbàlagbà tó ti ṣubú rí, tàbí tó ń bẹ̀rù àtidìde: àga nìkan fún oṣù kan tàbí méjì, kí ìrìn tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó jẹ́ pé èémí ni kò jẹ́ kó rìn, kó kọ́kọ́ béèrè PCV rẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ jù, kò sí ọ̀nà kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí yóò ṣe dáadáa, abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ara pèsè ẹ̀jẹ̀ ló kàn.

Kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rẹ̀ rárá lọ́jọ́ tí ìfúnpá òkè bá ju 180 lọ, tí ibà bá wà lára, tí àyà bá ń dùn, tàbí tí kò bá lè sùn sílẹ̀ gbalaja nítorí èémí. Bí àyà bá fún yín, tí ọkàn ń lù ségesège, tí ojú ṣú, tàbí tí ẹsẹ̀ kò lágbára mọ́ lójijì níbi tẹ́ ẹ ti ń rìn, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe ìsinmi lábẹ́ igi. Ẹ sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé ẹ̀ ń ṣe dáyálísíìsì kí wọ́n lè tètè wo potassium.

Bẹ́ ẹ bá tún lọ síbi máṣìnì, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin kẹ́ ẹ tó jókòó: kílò tó yẹ kẹ́ ẹ wọ̀n bí omi bá ti tán lára, PCV tó kẹ́yìn, ohun tí àwòrán ọkàn (echo) sọ bí wọ́n bá ti ṣe é, àti bóyá wọ́n lè kọ ìwé tó máa gbé yín dé ọ̀dọ̀ físíò, àwọn tó ń fi eré ìdárayá tún ara ṣe. UNIOSUN Teaching Hospital, tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní LAUTECH, ní ẹ̀ka físíò. Ẹ mú bàtà tẹ́ ẹ fẹ́ fi máa rìn dání lọ sọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n wò ó.